Bàbá Tí Kò Mọ̀ Pé Ọmọ Òun Ti Kú

Èékánná ẹsẹ̀ bàbá kan tí mò ń tọ́jú ni mò ń gé lọ́wọ́ nígbà tí fóònù ilé rẹ̀ dún. Ó ti tó oṣù mẹ́fà báyìí, ṣùgbọ́n títí di òní, tí fóònù bá dún lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mi ò lè gbé e. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ọkọ mi gan-an ò mọ̀. Mò ń sọ ọ́ báyìí torí òkú kan wà tí kò rí ilé lọ, èmi ni mo sì fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Mi ò kàwé kọjá sẹ́kọ́ńdìrì. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe níbí ní Dallas, ní Texas, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Mesquite, ìlú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas, ni à ń gbé, èmi, ọkọ mi àti Ìrètí, ọmọ wa, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Bàbá tí mò ń tọ́jú ń dá gbé ní Sachse, ìlú mìíràn nítòsí, nínú ilé tí ìyàwó rẹ̀, ará Texas, kú fi sílẹ̀ fún un. Ọkọ mi máa ń lọ síbi iṣẹ́ ní Sọ́ńdè, bàbá wá ní kí n máa mú Ìrètí dání.

Olóyè òyìnbó ni bàbá náà. Kì í ṣe oyè àfiṣeré o. Àwọn baba ńlá rẹ̀ ló ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ gba ilẹ̀ ní Ireland, tí wọ́n ń jẹ oyè níbẹ̀ láti ìran dé ìran. Òun fúnra rẹ̀ jókòó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó máa ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ní Ireland, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni mí. Tí mo bá dé London, wọ́n á ní ará Ireland ni mí. Texas nìkan ni wọn ò ti bi mí léèrè."

Èmi á ní, "Kábíyèsí, ẹ má dá wọn lóhùn." Ìrètí á kúnlẹ̀, bàbá á gbé ọwọ́ lé e lórí bí ọba.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí. Ó sọ fún mi pé ìṣèlú ò jẹ́ kóun ráyè tọ́ ọ. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà, ó sọ ilé ńlá ìdílé wọn di hòtẹ́ẹ̀lì, wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún gbọọrọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìjà ni nígbà tí mo débẹ̀. Gbogbo Sọ́ńdè ni ọmọ náà ń pè é láti Ireland. Tó bá ku díẹ̀ kó pè, bàbá á ní kí n ya irun òun, bíi pé ọmọ náà á rí i.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, bàbá ti sùn lọ lórí àga. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló pè. Ọkọ rẹ̀ ṣubú láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì dìde mọ́. Ó ń sunkún. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun sọ ọ́ fún bàbá jẹ́jẹ́, kí bàbá wá pe òun. Mo ní mo ti gbọ́.

Bàbá lajú. "Ṣé ọmọ mi ni?"

Mo ní, "Rárá o, sà. Àwọn tó ń polówó ọjà ni."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti tọ́ mi, wọn kì í kàn la ẹnu sọ fún arúgbó pé ọmọ rẹ̀ kú. Nígbà tí àbúrò bàbá mi kú, wọ́n sọ fún ìyá àgbà pé ó rin ìrìn àjò. Ọdún mẹ́rin ni ìyá àgbà fi ń gbàdúrà kó dé láyọ̀, kí òun náà tó lọ. Kò sẹ́ni tó pè é ní irọ́. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe. Kí n má purọ́, mo tún bẹ̀rù pé ó lè gbọ́ ọ kó kú sí mi lọ́wọ́, kí iṣẹ́ sì bọ́.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà tún pè. Ojú tì mí láti sọ pé mi ò tíì sọ ọ́. Mo ní bàbá ti gbọ́.

"Kí ló wí?"

Mo ní kò wí nǹkan kan, kò sì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ó wá ní, "Bó ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn." Kò pè mọ́.

Sọ́ńdè dé, bàbá ní kí n ya irun òun. A jókòó títí. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa, èmi ni mo máa ń bá a tẹ nọ́ńbà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú nọ́ńbà náà, mo ní kò wọlé. Bí mo ṣe ń ṣe é ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó yá, bàbá ní, "Ó ti tún bínú sí mi. Kò burú. Nígbà tó wà ní kékeré, tó bá pè mí, èmi náà kì í ráyè."

Ìrètí wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ti sọ fún un nínú mọ́tò pé ọ̀rọ̀ àgbà ni, kó má sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tó ń sọ fún bàbá pé, "Ẹ má worry, Grandpa, ó máa pè." Ọmọ mi ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ mi.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni bàbá kú, ọjọ́ Sọ́ńdè, pẹ̀lú irun yíyà lórí. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n sun òun, kí wọ́n kó eérú òun lọ síbi tí wọ́n sin àwọn bàbá òun sí. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ni àṣẹ ibẹ̀ báyìí, ó sì kọ̀. Agbẹjọ́rò bàbá ló sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí mo lọ dá kọ́kọ́rọ́ ilé padà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Obìnrin náà ní ẹni tí kò lè sunkún ọmọ rẹ̀ kò ní sùn tì í. Mo rí àpótí eérú náà lórí pẹpẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ lé tábìlì. Mo kí agbẹjọ́rò náà pé ó dàbọ̀.

Látìgbà yẹn, mò ń gbọ́ fóònù tó ń dún nínú apartment wa, a ò sì ní fóònù ilé. Tí mo bá ń wakọ̀ lórí freeway, mò ń gbọ́ ohùn bàbá lẹ́yìn mi pé kí n ya irun òun.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, mo mọ̀ pé wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ohun tí mò ń bi yín ni pé, báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Kí ni mo máa kọ́kọ́ sọ fún obìnrin tí mo ti jẹ́ kó kórìíra òkú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ fún mi kó tó di Sọ́ńdè.

Lánàá, bí mo ṣe ń di irun Ìrètí, ó bi mí pé ṣé Grandpa ti wá mọ̀ báyìí. Mo sọ fún un pé wọn ò mọ̀, pé èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbà, irọ́ ni. Mo ní lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kó wá jókòó tì mí, kó máa ka nọ́ńbà Ireland náà sí mi létí bí mo bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́, títí tó fi máa pé.