Máíkẹ́lì Mímọ́ Kò Ní NIN

Lọ́yà, mi ò jókòó! Ẹ jẹ́ n dúró bẹ́ẹ̀, tí mo bá fi lè jókòó, ẹkún ló máa gbé mi, mi ò sì wọ kẹ̀kẹ́ láti Ajah wá sí Lẹ́kkí Phase 1 kí n wá máa sunkún sórí àga yín. Kí ni mo ṣe? Lọ́yà Hakeem, ẹ sọ fún mi, kí ni èmi Fúnláyọ̀ aránṣọ ṣe, tí wọ́n fi fẹ́ lé mi kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo fọwọ́ ara mi dá sílẹ̀ lọ́dún mẹ́rìnlá sẹ́yìn? Ẹni tó fẹ́ lé mi ọ̀hún ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́!

Omi kẹ̀? Ẹ gbé omi yín, ẹ ṣé. Bàbá Ọdúnjọ ni mò ń wí, àgbà ìjọ wa, ẹni tẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé kọ́ńpìnnì mi, tẹ́ ẹ fún ní ọgọ́ta ìpín nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dé sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Mọ́ńdè, sùtánà funfun láúláú lọ́rùn, tùràrí lọ́wọ́, èéfín gba gbogbo ilé, ó ní kí gbogbo èèyàn bọ́ bàtà. Ó ní ibẹ̀ ti di ọ́fíìsì áńgẹ́lì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ bàtà wọ ibẹ̀ mọ́. Lọ́yà, ṣọ́ọ̀bù aránṣọ! Ilẹ̀ tí píìnì pọ̀ níbẹ̀ ju iyanrìn lọ! Blessing tó ń bá mi dá ihò bọ́tìnnì tẹ píìnì, Mọ̀nsúrát ọmọ iṣẹ́ mi tẹ píìnì, Bàbá fúnra ẹ̀ tẹ méjì, ó fò sókè, ó ké "Mímọ́! Mímọ́!", oníbàárà tó wá gba búláòsì rò pé ẹ̀mí ló gbé e, ni òun náà bá kúnlẹ̀. Tó bá jẹ́ irọ́ ni mò ń pa, kí ẹ̀rọ gún mi lọ́wọ́.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, Lọ́yà, ẹ má rẹ́rìn-ín, a ò tíì dé ibi tó ń dunni.

Ẹ̀yin náà kúkú mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó wà ní Free Zone yẹn, ọ̀gá wọn rí iṣẹ́ ọwọ́ mi, ó ní kí n wá rán aṣọ iṣẹ́ ọ̀ọ́dúnrún fún àwọn òṣìṣẹ́ òun, àmọ́ àwọn ò lè bá ìyá aránṣọ lásán tọwọ́ bọ̀wé, àfi kọ́ńpìnnì tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Mo sáré wá bá yín. Ẹ ní kí n mú orúkọ méjì wá, àwọn tó ń forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀ kọ àkọ́kọ́, wọ́n ní ẹnìkan ti ń jẹ́ ẹ, wọ́n gba ìkejì. Ẹ ní àdírẹ́sì ńkọ́, mo fún yín. Ẹ ní ohun tí kọ́ńpìnnì fẹ́ máa ṣe ńkọ́, mo ní ó fẹ́ máa ránṣọ, kí ló tún fẹ́ máa ṣe? Ẹ wá ní, ta ni àwọn tó ni ín. Mo ní èmi àti Máíkẹ́lì Mímọ́.

Ẹ̀jẹ́ ni! Ṣé kí n má san ẹ̀jẹ́ ni? Mo ti dúró níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìkórè, mo ní bí iṣẹ́ yìí bá fi lè bọ́ sí i, Máíkẹ́lì Mímọ́ tó ń jà fún mi ni yóò ni ọgọ́ta, èmi á mú ogójì. Gbogbo ìjọ ké Halelúyà, ìyá kan tiẹ̀ ṣubú. Ẹ̀yin wá ní kí Máíkẹ́lì mú NIN wá. NIN! Ẹni tó lé Sàtánì kúrò lọ́run, kó wá tò sórí ìlà ní Ajah kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀! Ẹ ní ọjọ́ wo ni wọ́n bí i. Ẹ ní òfin ò gba ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún kó jẹ́ dírẹ́kítọ̀. Lọ́yà, ẹni tó ti wà kí wọ́n tó mọ Ádámù!

Mo mọ̀. Ẹ ti sọ ọ́ pé òfin ò mọ áńgẹ́lì, mi ò bá yín jiyàn.

Àmọ́ ṣé èmi ni mo wá Bàbá Ọdúnjọ lọ? Òun ló gbọ́, ló wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, tó ń fohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní, "Ọmọ mi, áńgẹ́lì ò ní káàdì, èmi ní. Màá yá a ní NIN mi." Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́! Mo tún ra pàfíùmù fún un! Ẹ bi mí nínú ọ́fíìsì yìí, ẹ ní, "Ìyá Dábírà, ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń buwọ́ lù?" Mo ní mo mọ̀. Kí ni mo mọ̀? Orí mi o! Ìwé tí mi ò rí orúkọ Máíkẹ́lì níbì kankan nínú ẹ̀, mo ní mo mọ̀!

Ẹ wá gbọ́ tàná. Àná ni àwọn Free Zone fi àpẹẹrẹ aṣọ ránṣẹ́. Ẹ̀wù dúdú, ṣòkòtò dúdú, kọ́là pupa. Aṣọ tó dáa, tí ìdọ̀tí ò ní tètè hàn lára ẹ̀. Bàbá rí i, ó gbọ̀n jìnnìjìnnì, ó ní dúdú! Ó ní pupa! Ó ní kọ́ńpìnnì Máíkẹ́lì Mímọ́ ò ní rán an láéláé, funfun ni kí n rán fún wọn. Funfun! Fún àwọn tó ń po sìmẹ́ńtì! Mo ní Bàbá, ọdún mọ́kànlélógún rèé tí mo ti wà nínú ìjọ, èmi náà ò wọ dúdú, mi ò wọ pupa, àmọ́ wíwọ̀ ni wọ́n kọ̀ fún wa, ta ló kọ rírán? Ó wò mí, níwájú Blessing, níwájú Mọ̀nsúrát, ó ní, "Fúnláyọ̀, ta ló ni ọgọ́ta?" Ó ní tí mo bá tún lanu, òun á pe ìpàdé, òun á dìbò, òun á yọ mí nípò dírẹ́kítọ̀. Ìpàdé èèyàn méjì! Èmi pẹ̀lú ẹ̀! Màá nawọ́, á nawọ́, tiẹ̀ á sì borí!

Ó dùn mí, Lọ́yà. Ó dùn mí dé egungun. Látìgbà tí bàbá Dábírà ti kú, ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn náà ló ń gbé wa dúró, òun ló rán Dábírà níléèwé. Ọ̀túnla ni wọ́n ní ká wá buwọ́ lùwé ní Free Zone, dírẹ́kítọ̀ méjèèjì, tá ò bá dé, wọ́n á gbé e fún aránṣọ kan ní Sangotedo. Bàbá ní ẹ̀mí ò tíì ní kí òun buwọ́ lù ú. Mo ní kó jọ̀ọ́ dá ìpín áńgẹ́lì padà, ó ní ẹ̀mí ò tíì sọ ìyẹn náà. Ẹ̀mí tó sọ̀rọ̀ wéréwéré lọ́jọ́ tá à ń pín in! Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun náà ni yóò ru igbá ẹ̀ délé, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ẹ ní kí ni?

Ẹ tún un sọ, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹ ní òfin ní kí ẹni tó bá di ìpín ńlá bẹ́ẹ̀ mú fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ̀wé sí kọ́ńpìnnì láàárín ọjọ́ méje? Kó sọ bóyá òun gan-an ló ni ín, àbí ó ń bá ẹnìkan dì í mú? Bó bá sì jẹ́ pé ó ń bá ẹnìkan dì í mú, kó sọ ẹni náà, kó sọ ibi tó ń gbé?

Ẹ dúró ná. Ẹ dúró ná, Lọ́yà. Tó bá kọ ọ́ pé òun ló ni ín, mo ti rí ìwé tí màá kà sétígbọ̀ọ́ gbogbo ìjọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè nìyẹn, kí wọ́n gbọ́ pé ó jí nǹkan áńgẹ́lì. Tó bá sì kọ ọ́ pé áńgẹ́lì ló ni ín... háà! Tó bá kọ ọ́ pé áńgẹ́lì ló ni ín, ẹ̀yin ni... yéè, ikùn mi o! Ẹ̀yin ni ẹ máa bi í ní òpópónà tí áńgẹ́lì ń gbé! Ẹ gbà mí, ẹ̀rín fẹ́ pa mí!

Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ lẹ́tà náà kí n tó kúrò níbí, ẹ lu òǹtẹ̀ yín mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì fi ìwé tó máa fi gbé ìpín sílẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, kó mú èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn kí ọ̀túnla tó pé, èmi fúnra mi ni màá gbé e lọ bá a. Ẹ ní ẹ̀jẹ́ ńkọ́? Èwo ni tiyín nínú ẹ̀jẹ́? Èmi àti Máíkẹ́lì la jọ sọ ọ́, a ò pe lọ́yà síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ tẹ lẹ́tà, jàre!