Bí Àṣírí Bíréèkì Alùpùpù Ọkọ Mi Ṣe Tú

Ẹ bá mi gbé Jésù ga! Ẹ̀yin ará, ẹ gbé E ga lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn yín kéré! Ọba tó ń ṣọ́ ọ̀nà Ìpọ̀nrí, tó ń ṣọ́ Ọ̀yìngbò, tó ń ṣọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ afárá Ìjora, mo dúpẹ́ o. Ọkọ mi ló jókòó lọ́hùn-ún yẹn, Bàbá Ṣọlá, tíṣà tí gbogbo yín mọ̀. Wọ́n ti tẹrí ba nítorí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé ni mo fẹ́ sọ. Màmá wọn náà wà níbí. Ẹ má bẹ̀rù, mo ti tọrọ àṣẹ. Màmá ní bí mi ò bá jẹ́ ẹ̀rí yìí, àwọn á jẹ́ ẹ fúnra wọn, àwọn á sì mọ̀ ọ́n sọ jù mí lọ.

Ẹni tó bá mọ Bàbá Ṣọlá ti mọ alùpùpù wọn. Láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń gùn ún. Òun ló ń gbé wọn láti Ìpọ̀nrí lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Yábàá, òun ló ń gbé èmi náà dé Ọ̀yìngbò níbi tí mo ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí òjò bá ṣú, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ da aṣọ bò kí wọ́n tó rántí pé èmi ń bẹ níta. Mo ti fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni wàhálà dé. Bíréèkì ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀, kò gbọ́ tiwa mọ́. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ti fẹsẹ̀ kàn án, á ti di táyà mú. Ó wá di pé ẹsẹ̀ á kàn rì wọlé, alùpùpù á ṣì máa bá tirẹ̀ lọ. Bíréèkì iwájú wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gun alùpùpù mọ̀ pé ẹni tó bá dá tiwájú nìkan fà lórí ilẹ̀ tó tutù, ilẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀. Èmi tí mo sì ń jókòó lẹ́yìn yìí, mo ti lóyún. Màá di bẹ́líìtì ọkọ mi mú, màá máa pe Jésù láti Ìpọ̀nrí títí dé Ọ̀yìngbò.

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ Múfú, mẹkáníìkì wọn ní Múṣin. Mùsùlùmí ni Múfú, ṣùgbọ́n mo máa ń gbàdúrà fún un, ẹ bá mi ṣe àmín sí i. Múfú tú táyà ẹ̀yìn, ó fi inú rẹ̀ hàn wá. Ṣúù bíréèkì, àwọn méjì tó máa ń fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti dá táyà dúró, ti rin gbingbin fún epo. Ó ní bóyá gírísì ló ń jò wọ ibẹ̀. Ó pààrọ̀ wọn, ó nu ibẹ̀, ó dè é padà. A gbádùn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹsẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rì.

Àsìkò yẹn ni Bàbá Ṣọlá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí afárá Ìjora, tí ọmọlanke alálùbọ́sà kan dúró lójijì níwájú wọn. Wọ́n tẹ bíréèkì, kò dá wọn lóhùn. Inú àlùbọ́sà ni wọ́n balẹ̀ sí. Nọ́ọ̀sì tó rán orúnkún wọn ní kí wọ́n dúpẹ́ pé àlùbọ́sà ni, pé tó bá jẹ́ lọ́rì ni ń kọ́? Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí mi. Màá wo orúnkún yẹn, màá wo ikùn mi, omi á lé ròrò sí mi lójú.

Múfú tún tú u. Epo tún ni. Ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó wo ojú ọkọ mi. Ó ní, “Tíṣà, gírísì kọ́ lèyí. Epo tó mọ́ ni. Ẹnìkan ló ń dà á síbẹ̀.”

Ta ni? Nínú ilé tí à ń gbé, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ta epo ọkọ̀. Láyí ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, tó ń ta ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì lẹ́bàá ọ̀nà ní Ìjora. Ó ti fẹ́ yá alùpùpù yìí rí, Bàbá Ṣọlá ò fún un. Ó parí! A ti rí ọ̀tá. Láyí á kí wa, “Ẹ káàárọ̀ o, Ẹ̀gbọ́n. Àǹtí, ẹ káàárọ̀ o,” àwa á máa wo ògiri. Bàbá Ṣọlá ní tí oṣù bá parí, àwọn á lọ bá onílé kó lé e jáde, pé àwọn ò lè bá apànìyàn jọ lo balùwẹ̀.

Èmi gbààwẹ̀ ní tèmi. A ò sọ fún Màmá, tí wọ́n ń bá wa gbé, pé epo ni, kí àyà wọn má bàa já. A kàn ní ẹnìkan ń ba bíréèkì jẹ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á kúnlẹ̀ ní pálọ̀, màá wá figbe ta: “Olúwa, ọwọ́ tó ń ba bíréèkì ọkọ mi jẹ́, kí ọwọ́ náà rọ! Kó gbẹ!” Màmá ló ń ṣe àmín tó le jù. Àmín tiwọn á ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé garawa kí n lọ pọnmi kí èrò tó pọ̀ nídìí ẹ̀rọ. Mo rí Màmá níta, wọ́n lóṣòó ti alùpùpù. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé télọ̀ ni Màmá, láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti gbé máṣínnì ìránṣọ wọn wá bá wa. Wọ́n ní agolo kékeré kan tí wọ́n fi ń fún máṣínnì yẹn lépo, ẹnu rẹ̀ gùn bí imú ẹ̀fọn. Ẹnu agolo yẹn ni wọ́n tì bọ àárín táyà ẹ̀yìn, tí wọ́n ń tẹ ìdí rẹ̀ tọ̀, tọ̀, tọ̀. Wọ́n sì ń bá alùpùpù sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Má sunkún mọ́. Gbé ọmọ mi lọ ire, gbé e bọ̀ fún mi.”

Garawa bọ́ lọ́wọ́ mi.

Màmá yíjú, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. “Ìyàwó mi, o ti jí? Ṣé ìwọ ò gbọ́ bó ṣe ń ké bí Délé ọkọ rẹ bá ti ń wọlé bọ̀ ni? Epo ló ń bẹ̀. Mo ti ń rọra fún un.”

Ẹ̀yin ará, òótọ́ ni pé bíréèkì yẹn ń ké. Eruku àti omi òjò ló ń mú un ké, kò sì léwu rárá. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti ń ké, télọ̀ á fún un lépo. Ibi tó yẹ kó gbẹ kó lè di táyà mú ni epo yẹn sì ń lọ. Mo wo ọwọ́ Màmá. Ọwọ́ tó wẹ Ṣọlá nígbà tí mi ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ yẹn ni mo ti ń fi ààwẹ̀ bú! Olúwa, O ṣeun tí O kò dá mi lóhùn! Ẹ bá mi dúpẹ́ àdúrà tí kò gbà o!

Nígbà tí mo sọ fún Bàbá Ṣọlá, wọn ò pariwo. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n rọra ṣàlàyé fún Màmá. Màmá wo orúnkún ọmọ wọn. Wọ́n wá béèrè pé, “Orúnkún yẹn, èmi ni mo ṣe é?” Wọ́n wọ yàrá, wọ́n ń ká aṣọ sínú àpò, wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn ń lọ kí àwọn tó fi ọwọ́ ara àwọn pa ọmọ tí Ọlọ́run fún àwọn. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà tòyún tòyún, mo ní àfi kí wọ́n dá mi kọjá. Ẹkún ni mo ń sun. Mo fẹ́ràn ìyá yìí, mi ò lè fi pamọ́.

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, pẹ̀lú báńdéèjì lórúnkún. Wọ́n ní, “Màmá, alùpùpù ní ṣéènì. Ṣéènì yẹn ń fẹ́ epo, tí kò bá rí i, á já. Ta ni kí n fà á lé lọ́wọ́ tí kì í bá ṣe ẹ̀yin?”

Màmá gbé àpò kalẹ̀. “Èwo ló ń jẹ́ ṣéènì níbẹ̀?” Mo ti mọ̀ pé wọn ò lọ mọ́. Ògo!

Ní Sátidé, gbogbo wa la lọ bá Múfú. Ó fi pẹtiróòlù fọ inú ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sá a sóòrùn. Ó fi sáńpépà ha ojú ṣúù tuntun kó lè di nǹkan mú, ó wá dè é. Ó yí nọ́ọ̀tì bíréèkì ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ ò fi ní rìn jìnnà kí bíréèkì tó mú, ṣùgbọ́n kò fún un jù, kó má bàa máa di táyà lọ́wọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tẹ̀ ẹ́. Ó rẹ pẹ́dà sílẹ̀ sí ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ọkọ mi máa ń wà. Ó wá pe Màmá, ó fi ṣéènì hàn wọ́n, ó ní ibi tó ń yí ni tiwọn, kí wọ́n fi ibi tó ń dáni dúró sílẹ̀ fún òun. Bàbá Ṣọlá gùn ún yípo àdúgbò, wọ́n dé, wọ́n ní àwọn ò tíì ronú tẹ̀ ẹ́ tán tó fi dúró. Ẹ wá wo ẹ̀rín ẹnu wọn! Mo ní kí wọ́n kúkú fẹ́ ẹ ṣe ìyàwó kejì.

Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n lọ bẹ Láyí. Láyí ní òun rò pé rédíò òun ló ń bí wa nínú, pé òun ti ń rọra gbọ́ ọ láti ọjọ́ yẹn. Òun ló ń bu ọ́ìlì ṣéènì fún Màmá báyìí.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, òjò ń wẹliwẹli, mo wà lẹ́yìn ọkọ mi ní Ọ̀yìngbò. Ọmọ kékeré kan sáré lé táyà tó ń yí já sí títì. Ọkọ mi tẹ bíréèkì. Alùpùpù dúró gbọnin, kò yọ̀, kò yẹ̀. Ọmọ yẹn wò wá, ó mú táyà rẹ̀, ó lọ, kò tilẹ̀ kí wa. Èmi ni mo kígbe halelúyà láàárín títì, tí àwọn èèyàn ń wò mí. Kí wọ́n máa wò mí o!

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìṣòro, Ọlọ́run tó yọ wá á yọ ẹ̀yin náà. Ẹ máa gbàdúrà, ẹ má jẹ́ kó rẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó dárúkọ ọ̀tá fún Ọlọ́run, ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tó fẹ́ràn yín. Màmá, ẹ dìde. Ẹ gbé ọwọ́ yín méjèèjì sókè kí ìjọ rí i. Ẹ̀yin ará, ọwọ́ yẹn ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ gbé ọmọ tó ń bọ̀ yìí. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa.