Ẹ̀gbà Tí Kò Rúwé Mọ́

Kì í ṣe Moríkẹ́ ló pa igi ẹ̀gbà wa. Èmi Ọlálẹ́yẹ ni. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn ṣáájú, torí ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn dókítà yóò gé ibi tí ohùn mi ti ń jáde kúrò, wọn ò sì ṣèlérí pé n ó jí. Ohùn yìí ni mo fi parọ́, òun náà ni mo fẹ́ fi jẹ́wọ́ kó tó lọ. Dámilọ́lá ọmọ mi ló ń gbà á sórí fóònù. Dámilọ́lá, ohunkóhun tí o bá gbọ́, má pa á rẹ́.

Ẹ̀yin ará abúlé wa lẹ́yìn Zion Pepe, ẹ mọ bí a ṣe ń gé ẹ̀gbà, igi inú ẹrẹ̀ etí òkun wa, dáná kí ìwé tèmi tó dé. Ẹ̀ka nìkan là ń gé, a kì í sì í gé e kọjá ibi tí ewé wà. Moríkẹ́, olórí àwọn obìnrin tó ń yan ẹja, ló ń ṣọ́ òfin yẹn. Àbúrò ìyá mi ni. Òun ló tọ́ mi, Ìyé ni mo ń pè é, ìdí èéfín ẹja ló jókòó sí tí mo fi dé yunifásítì.

Iṣẹ́ ìwádìí mi níbẹ̀ dá lórí ibi tí igi ti ń dàgbà. Ẹ ṣáà mọ ojú iṣu, níbi tí iṣu ti ń ta. Igi náà lójú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó ń pín ara wọn láìsinmi ló wà níbẹ̀, àwọn ló ń di ewé, àwọn ló ń di ẹ̀ka. Ọ̀pọ̀ igi ní ojú tó ń sùn lábẹ́ èèpo, tí yóò jí bí àdá bá kàn án. Mo fẹ́ fi hàn pé ẹ̀gbà náà ní irú rẹ̀, pé bí a bá gé e nídìí yóò rú padà, kí àwọn obìnrin wa lè rí igi tó pọ̀. Èrò rere ni, n kò ní purọ́ mọ́ ara mi. Mo gé ogójì ẹ̀gbà wò. Mo dúró oṣù mẹ́jọ. Ẹyọ kan ò rú. Nígbà tí mo bẹ́ èèpo wọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí mo fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, mo rí i pé ojú tó wà lára igi tó ti gbó ti kú tipẹ́. Ibi tí ewé wà nìkan ni ìyè kù sí. Ohun tí Moríkẹ́ mọ̀ láìka ìwé kan ni mo fi ọdún mẹ́rin wá kiri! Ǹ bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ mi ti gboyè dókítà, sùúrù ọ̀gá mi ti tán, ìtìjú sì bò mí. Mo kọ ọ́ pé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló rú nínú ogójì.

Àwọn olùkọ́ mi ní kí n mú fọ́tò wá. Èmi àti Godwin, ẹni tó ń wa ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì fún mi, wọ inú ẹrẹ̀. A hú ọmọ ẹ̀gbà kéékèèké, a rì wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ kùkùté, mo ya fọ́tò wọn. Godwin ní, "Bùrọ̀dá, èyí tí a gbìn mà lèyí." Mo ní kó panu mọ́.

Mo gboyè, mo gbé ìwé náà wálé. Moríkẹ́ ò kọ́kọ́ gbà. Ó ní, "Ọma mi, igi tí kò léwé lórí, kí ni yóò máa fi mí èémí?" Mo fi í rẹ́rìn-ín, mo fi fọ́tò hàn án. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ó dáa. Ìwọ lo kàwé, o ò sì lè tan èmi jẹ." Òun ló kọ́kọ́ gbé àdá lé ìdí ẹ̀gbà, kí ẹ̀rù má ba àwọn obìnrin yòókù. Kò pé ọdún méjì tí igbó ẹ̀gbà tó wà láàárín àwa àti òkun fi di kùkùté.

Ẹ mọ ìyókù. Ọ̀sán Sátidé ni òkun ya wọlé. Ilé mọ́kànlá ló kó lọ. Ó gbé Gift lọ, ọmọ ọdún méje, ọmọ-ọmọ Moríkẹ́ gan-an.

Ẹ pe ìpàdé. Iwájú lẹ gbé àga èmi dókítà sí, mo sì jókòó. Baálẹ̀ Olówòkéré ní, "Moríkẹ́, ìwọ lò ń ṣọ́ òfin, ìwọ lo kọ́kọ́ rú u." Ó yẹ kí Moríkẹ́ nàka sí mi. Kò nà án. Ó ní, "Ẹ má wo ojú ọmọ yìí. Ìwé rẹ̀ ò parọ́. Bóyá àwa la gé e kanlẹ̀ jù." Baálẹ̀ wá bi mí bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ní, "Ó ṣeé ṣe." Ẹ lé e kúrò nílùú lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì wọkọ̀ lọ sí Igbókọ̀dá pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo. Ọ̀dàlẹ̀ ni mí.

Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù? Oṣù tó kọjá mo lọ kí i. Ojú rẹ̀ ti ń fọ́. Kò béèrè ẹnì kankan nínú yín. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọma mi, ṣé ẹ̀gbà ti ń rú?" Mo ní, "Ó ti ń rú, Ìyé." Inú rẹ̀ dùn, ó ní òun mọ̀ pé n kò ní tan òun.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọdún mẹ́sàn-án ni tèmi lò. Ẹ̀yin ọmọ tó ń kàwé, ohun tí ẹ bá rí nínú awò ni kí ẹ kọ. Baálẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ rán ọkọ̀ lọ mú Moríkẹ́ wálé, kí ẹ jẹ́ kó gbọ́ ohùn mi níbi tí ẹ ti lé e, lójú gbogbo èèyàn.

Ìyé, ọwọ́ yín kọ́ ló pa Gift. Ẹ dárí jì mí. Ẹ̀gbà ò rú. Kò rú rí.