Ohun Tí N Kò Sọ fún Dókítà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ dá àdúrà yẹn dúró ná. Dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé mi bọ̀ wálé sí Ọ̀kà níbí, ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. N kò ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Èmi Fúnminíyì Abọ́dẹrìn, tí ẹ ń yìn ní ìyá kẹ́mísírì, èmi ni mo pa Habeebat.

Ẹ rántí rẹ̀. Ọmọ Limota ará Ugbe ni, ẹ jọ jókòó ní kíláàsì mi, ẹ̀ẹ̀mejì ló fìdí rẹmi nínú ìdánwò wáẹ̀kì. Mo gbà á síṣẹ́ níbi tí mo ti ń po ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nínú yàrá kótópó ẹ̀yìn ilé yìí. Mo ti fèrèsé rẹ̀ pa, kí aládùúgbò má baà jí iṣẹ́ mi wò. Iṣẹ́ wo? Ìwà òmùgọ̀ ni. Lọ́jọ́ kan mo ní kó da ásíìdì sínú bílíìṣì, omi tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun, kí ọṣẹ lè mú sí i. Ó ka fọ́múlà tó wà lára kẹ́ẹ̀gì méjèèjì, ó wá kúnlẹ̀. "Mà, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé kiloríìnì inú iyọ̀ ọbẹ̀ ò lè ṣe èèyàn ní nǹkan, torí sódíọ̀mù dì í mú. Tá a bá da eléyìí pọ̀, ṣé kiloríìnì ò ní jáde?"

Òótọ́ ló sọ, ọmọ tí mo fún ní òdo. Mo fi í rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí o ò lè kọ fọ́múlà omi, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi? Dà á."

Ó dà á. Afẹ́fẹ́ kan tó ní àwọ̀ ewé tó fẹ́ gbẹ gbéra, ó kún yàrá. Èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ni mo kọ́kọ́ sá. Nígbà tí mo fi padà wọ́ ọ jáde, èémí rẹ̀ ti ń já.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ní ọsibítù ní Ìkàrẹ́, dókítà bi mí léèrè ohun tó fà símú. Lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà kan péré ni ìdáhùn: Cl₂, kiloríìnì. Ogún ọdún ni mo fi ń kọ ọ́ sójú pátákó. Ṣùgbọ́n nítorí ìtìjú, mo ní ikọ́ fée ló ń bá a jà láti kékeré. Habeebat ń wò mí. Ikọ́ ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ikọ́ fée ni wọ́n tọ́jú. Ó kú kí oòrùn ọjọ́ kejì tó kanrí. Limota dì mí lọ́wọ́ mú, ó ń dúpẹ́ pé mo gbé ọmọ òun dé ọsibítù, èmi aláìnítìjú sì ní kò tọ́pẹ́. Mo lọ síbi fìdáù, mo jẹun yó.

Lánàá mo ránṣẹ́ pe Limota, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Habeebat ò ní ikọ́ fée rí. Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní tíṣà ti sọ̀rọ̀, kí èmi tí n kò kàwé lọ jókòó." Ó dìde, ó lọ.

Ẹ bá mi bẹ Limota. Bí kò bá gbà, ó tọ́ sí mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kọ́ ọmọ níwèé báyìí ní Àkùngbá, bí olódo bá ní ẹ ti ṣìnà, ẹ dúró kí ẹ gbọ́ ọ. Bí ẹ bá sì ti ṣe é tán, ẹ la ẹnu. Iyì yín ò tó èémí ọmọ ọlọ́mọ.