Ọwọ́ Géèjì Tí Mo Fi Purọ́

Ẹ̀yin ọmọ Bàbá Rewáyà tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, ẹ̀yin àbúrò mi náà, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, mo sì dúpẹ́ pé mo jí. Kí wọ́n tó gún mi lábẹ́rẹ́ oorun, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń gún mi láyà: tí mo bá kú, irọ́ mi á bá mi wọlẹ̀, bàbá yín á sì máa jẹ́ ẹni tí iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́run ò jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tú u sílẹ̀ kí n tó tún rí àwáwí.

Ogójì ọdún ni bàbá mi fi wakọ̀ èrò kó tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ̀ àtijọ́ kan ló kù fún un, bí ẹni tọ́jú ẹyin ló ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ti ń lọ. Lọ́jọ́ kan tó ń gbé mi bọ̀ láti ilé ìwé tí mo ti ń ṣe olùkọ́, ó kù díẹ̀ kó gbá obìnrin kan tó ń sọdá. Mo pariwo, ó tẹ bíréèkì, ó ní, "Níbo ni eléyìí ti já jáde?" Ẹ gbà mí o, iwájú wa gan-an ló wà! Dókítà ojú ní kó má wakọ̀ mọ́. Bàbá ní wọn ò tíì bí dókítà náà nígbà tóun ti ń wakọ̀.

Òfin kan ni bàbá mi ní: bí ọwọ́ géèjì tó ń sọ bí ẹ́ńjìnì ṣe gbóná bá ti wọ orí pupa, ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan. Láràárọ̀ ló sì máa ń sọ pé awò ojú òun dọ̀tí, kí n bá òun wo ibi tí ọwọ́ wà. Lọ́jọ́ kejì ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn, mo wò ó. Àárín ló wà, kò sóhun tó ṣe é. Mo ní, "Bàbá, ó ti wọ orí pupa." Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì yọ̀ lẹ́nu mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Bàbá mi ránṣẹ́ pe bàbá yín, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Bàbá yín ṣí iwájú ọkọ̀, ó ní kí n jókòó sáyè awakọ̀ kí n máa wo ọwọ́ géèjì. Tó bá yọ wáyà géèjì lára ẹ́ńjìnì, ọwọ́ gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Tó bá fi wáyà kan irin, ó gbọ́dọ̀ gòkè. Ó bi mí, "Ó wálẹ̀?" Mo ní, "Rárá, sà. Orí pupa náà ló wà." "Báyìí ńkọ́?" "Kò mira, sà." Ọwọ́ sì ń lọ sókè sódò níwájú mi, èmi olùkọ́ tó máa ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́! Bàbá yín pààrọ̀ wáyà. Ó wá géèjì mìíràn, ó tú dáṣíbọ́ọ̀dù palẹ̀, ó tò ó padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kò mira.

Nígbà kẹrin, ó fi wáyà sílẹ̀ ní yíyọ, ó rọra wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bẹjú wò ó fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ti sùn sílẹ̀ pátápátá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé orí pupa ló wà. Ó wò mí. Mo pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, mo tọ́ka sí bàbá mi tó dúró lẹ́bàá ògiri tó ń nu awò, mo wá fọwọ́ bo ojú ara mi, kó lè yé e pé ojú bàbá mi ló ń lọ. Bàbá yín yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ọ̀rẹ́, ọkọ̀ yìí ti borí mi. Má gbé e jáde o." Bàbá mi bá gbaná jẹ: "Iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ! Ẹlẹ́tàn! Má tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́!" Gbogbo àdúgbò gbọ́. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo pa ẹnu mọ́. Ojo ni mí. Ọdún mẹ́ta ni wọn ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀, bàbá yín ò sì tú mi fó fún ẹnì kankan, títí kan ẹ̀yin ọmọ rẹ̀.

Ìjẹta ni mo jẹ́wọ́ fún bàbá mi. Mo rò pé á gbé mi ṣépè. Ó ní, "Mo mọ̀." Ó ní bí ọ̀rẹ́ òun ṣe lọ lọ́jọ́ náà, òun ṣíná ọkọ̀ sílẹ̀ fún odindi wákàtí kan, omi ò hó, nǹkan kan ò gbóná jù. "Ó rọrùn fún mi láti ní ọkọ̀ ló bàjẹ́ ju kí n ní ojú mi ló lọ." Àṣé àwa méjèèjì la jọ di ẹrù lé ẹni tí ò ṣẹ̀ lórí.

Lánàá mo mú un lọ síbi iṣẹ́ bàbá yín. Ó ṣí fìlà, ó ní, "Ọ̀rẹ́, ojú mi ló lọ. Ọwọ́ tìrẹ ò ní àbùkù kankan." Bàbá yín ju iṣẹ́ sílẹ̀. "Ọdún mẹ́ta! Ìwọ yìí! Ṣé o mọ iye ọ̀rọ̀ tí mo tò jọ tí mi ò rẹ́ni sọ ọ́ fún?" Wọ́n jókòó sórí táyà, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, wọn ò tiẹ̀ rántí pé mo wà níbẹ̀ mọ́.

Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá. Bàbá mi wà láàyè, kò sì gbá ọmọ ẹnikẹ́ni, torí pé bàbá yín gbà kí orúkọ òun bàjẹ́. Ó ti dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ń gbọ́ "ọmọ ẹlẹ́tàn" lójú ọ̀nà, tí ẹ sì ń kí mi, "Ẹ káàsán, mà." Dókítà ní kí n má tíì kúnlẹ̀. Orúnkún mi rèé nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.