Òkìtì Ẹnu Géètì

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Aduwawa lọ sí Iyaro, nílùú tí èdè Yorùbá ò ti wọ́pọ̀, Yorùbá tí mo gbọ́ lẹ́yìn mi ló jẹ́ kí n tẹ́tí sí màmá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Kánádà dé, àti obìnrin tó jókòó tì í.

"Ọkọ̀ ìjọba á gbá yìnyín kúrò lójú títì láàárọ̀, á wá wọ́ gbogbo rẹ̀ jọ sẹ́nu ọ̀nà ọmọbìnrin mi. Ojú abẹ ìbímọ ò tíì jiná lára rẹ̀, ó ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín! Mo pariwo mọ́ awakọ̀ náà. Ó ní iṣẹ́ tòun ni kí títì ṣáà ti mọ́."

"Ẹ̀yin tiẹ̀ rí awakọ̀ bá wí, Mọ́mì. Àwọn tó kó yanrìn gọ́tà ládùúgbò wa ní Ugbor dà á sẹ́nu géètì wa, wọ́n bá tiwọn lọ. Lọ́jọ́ tí àìsàn gbé ọkọ mi dè, mọ́tò ò lè jáde. Ẹ̀yìn ni àbúrò rẹ̀ fi pọ̀n ọ́n kọjá lórí òkìtì náà, bí ọmọ ọwọ́."

"Áà! Ṣé ara rẹ̀ ti wá yá báyìí?"

Obìnrin náà fa etí aṣọ dúdú tó wọ̀ bo orúnkún.

"Yìnyín tiyín á yọ́, Mọ́mì. Òkìtì tiwa ti hu koríko."