Gbólóhùn Tí Mo Yọ Nínú Ọ̀rọ̀ Màmá Nọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń gbé ẹrù kan kiri lọ́kàn. Mo ń kọ̀wé báyìí nítorí pé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ìjọ wa ní Ajégúnlẹ̀ fẹ́ yọ ìyá àgbàlagbà kan nípò nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi ṣẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù kà á.

Ọ́fíìsì àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nítorí pé mo ka sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì, èmi ni ẹgbẹ́ obìnrin yàn láti máa ṣàtúnṣe ìwé ìròyìn wọn. Ewé ìwé kan péré ni, tẹ̀yìn tiwájú. A máa ń kà á sókè níwájú pẹpẹ, gbogbo ìjọ á sì ṣe Àmín sí i.

Màmá Nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń bójú tó ètò ìlera ẹgbẹ́ náà, kọ ọ̀rọ̀ kan sínú rẹ̀ nípa jẹjẹrẹ ọmú. Wọ́n ṣàlàyé pé sẹ́ẹ̀lì ara ló ń pọ̀ sí i láìní ìjánu. Wọ́n ní ká máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso, ká máa rìn dáadáa, ká jìnnà sí ọtí àti sìgá, pé èyí lè dín ewu rẹ̀ kù. Gbólóhùn tí wọ́n fi parí rẹ̀ ni pé kò sí ewé tàbí oúnjẹ tó ń wo kókó tó ti di jẹjẹrẹ. Kí ẹni tó bá rí kókó lọ́mú lọ sí ọsípítù lọ́sẹ̀ náà gan-an.

Mo yọ gbólóhùn yẹn. Mo fi tèmi rọ́pò rẹ̀, pé omi ewúro àràárọ̀ máa ń fọ àrùn kúrò lára. Orúkọ Màmá ni mo fi sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tí mo rántí ni pé àyè ló kéré. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, mo ṣí ìwé tí mo ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ mi sí, mo sì bá a níbẹ̀: “Mo yọ ìparí rẹ̀. Ó ń dẹ́rù bani jù. Tèmi dùn ún kà jù ú lọ.” Àyè kò kéré rárá.

Àǹtí Bọ́sẹ̀, ọmọ ìjọ wa tí wọ́n ń ránṣọ ní àdúgbò Boundary, ti rí kókó lọ́mú wọn lásìkò yẹn. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi ìwé náà sínú Bíbélì, wọ́n sì mu omi ewúro fún oṣù mẹ́jọ. Kí wọ́n tó dé ọsípítù, jẹjẹrẹ náà ti dé abíyá. Wọ́n ṣì ń gba ìtọ́jú. Dókítà kò ṣèlérí ohunkóhun. Nígbà tí mo lọ kí wọn, wọ́n ní, “Ìwé yẹn tù mí nínú gan-an o, àbúrò mi.”

Inú ń bí mi! Inú ń bí mi sí gbogbo ẹni tó ń fi ewé ṣèlérí fún aláìsàn láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀. Inú ń bí mi sí ìjọ tó ń ṣe Àmín sí ohun tí kò yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n èmi tí mo kàwé, kí ni àwáwí tèmi?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí ọ̀rọ̀ Àǹtí Bọ́sẹ̀ ti tàn ká ìjọ, àwọn obìnrin yí Màmá Nọ́ọ̀sì ká lẹ́yìn ìsìn.

“Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ayé àtijọ́, ṣé ẹ fẹ́ pa wá tán ni?”

“Dókítà Ewúro! Màmá, abẹ́g, ẹ lọ jókòó sílé jàre!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Màmá yíjú sí mi. “Ọmọ mi, ìwọ lo tẹ̀ ẹ́. Ṣé mi ò kọ ọ́ pé kí wọ́n lọ sí ọsípítù ni?”

Mo ní, “Mi ò rántí dáadáa, mà.”

Mo rántí. Ẹ jọ̀ọ́, mo rántí.

Màmá Nọ́ọ̀sì mi orí wọn. “Ó lè jẹ́ pé mo gbàgbé ni. Àgbà ti dé.”

Mo jẹ́ kí gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni wọ́n sì fi fẹ́ yọ Màmá nípò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n lọ gbàdúrà. Àdúrà ni mo ti fi ń sá kiri. N óò dìde sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, torí àwọn mìíràn lè ṣì máa mu omi yẹn. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó pé, ẹsẹ̀ ta ni kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ sí: ẹni tí mo gba oṣù mẹ́jọ ìtọ́jú mọ́ lọ́wọ́ ni, tàbí ẹni tí kò gbẹ́kẹ̀ lé ọpọlọ ara rẹ̀ mọ́ nítorí mi?